Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Ń Kàwé

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ojú rẹ ń lọ, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ka ìwé yìí sí ọ létí, sọ fún un kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan, kó má sì máa fi ohùn ẹkún kà á. Èmi tí mo kọ ọ́ kò sunkún mọ́. Mo ti sun èyí tó tó mi. Mo fẹ́ kí o mọ bí àìsàn yìí ṣe wọlé tọ̀ mí wá láìkágò, àṣìṣe tí a ṣe, àti ohun tí mo bá pàdé nígbà tí mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí.

Àdùkẹ́ ni orúkọ mi. Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo lọ́kọ sí, iṣẹ́ gàrí ni mo ń ṣe. A máa ń ra gbágùúdá lọ́wọ́ àwọn ará abúlé Boni àti Adido, a ó bó o, a ó rin ín, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá yan án nínú agbada. Ẹni tó bá ti jókòó ti ààrò gàrí rí mọ̀ pé èéfín rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ojú gbogbo wa máa ń pọ́n, ó sì máa ń ṣomi. Ojú ayangàrí ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò wa. Ìyá mi a sì máa wí pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́, kó wo ojú rẹ̀. Ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn.

Ìgbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba ni, tí tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn ní kámáráàdì. Ìjọba ní kí àgbàlagbà tí kò lọ sí ilé ìwé wá kọ́ ìwé ní èdè abínibí rẹ̀. Wọ́n rán olùkọ́ kan sí wa, ọmọ Pọ́bẹ̀. Ọládélé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Mẹ́tìrì ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ń pe olùkọ́ wọn. Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin ló ti ń kọ́ wa nírọ̀lẹ́. Yorùbá Pọ́bẹ̀ tirẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín, tiwa náà ń pa á lẹ́rìn-ín. Obìnrin la pọ̀ jù níbẹ̀, torí àwọn ọkùnrin ní ojú ń ti àwọn.

Jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí mo mọ̀ pé mo ti mọ̀wé fún ọ. Mo ru gàrí, mo ń kọjá níwájú ìsọ̀ bàbá kan tó ti Nàìjíríà wá ṣòwò, mo gbójú sókè, ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n fi ẹfun kọ sára ògiri: Ẹ má bèèrè àwìn. Mo dúró. Mo tún un kà. Hà! Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìsọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo sì máa ń dúró sí tí mo bá fẹ́ bèèrè àwìn! Bàbá náà á kàn máa wò mí. Mo rẹ́rìn-ín títí gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ dà lórí mi. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Èmi fúnra mi ni mo lọ bá ọ̀rọ̀ náà níbi tó wà. Adùn yẹn kò tíì tán lẹ́nu mi.

Mẹ́tìrì rí i pé ìwé ń wọ̀ mí lára. Ó ní, "Ìyá Tóyìn, ìjọba kì í jẹ́ kí oníṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ lójú kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mi kúrò níbí, ẹ̀yin lẹ máa gba kíláàsì yìí. Bí ò bá sẹ́ni tó máa gbà á, wọ́n á tì í pa." Tóyìn ni àkọ́bí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọkàn rìn kiri bí olùkọ́. Mo máa ń yan gàrí, mo máa ń dá kọ́ ààrò níwèé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni òṣùmàrè. Bí a bá tan fìtílà, mo máa ń rí àwọ̀ mèremère tó yí iná rẹ̀ ká róbótó. Mo sọ fún ọkọ mi, Akànbí, tó ń tún ojú irin ṣe, pé fìtílà tuntun tó rà yìí mà dára o, tòun tòṣùmàrè ni wọ́n tà á. Ó wo fìtílà, ó wò mí, ó ní, "Òṣùmàrè wo?" Mo ní kó yé ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Mo rò pé gbogbo ayé ló ń rí i.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá gbé igbá sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo máa dà á nù. Orí a máa fọ́ mi lókè ojú, á sì tún lọ. Èyí tó bí àwọn èèyàn nínú jù ni pé àgbà á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, mi ò ní kúnlẹ̀, mi ò ní kí i, nítorí ọ̀kánkán nìkan ni mo ń rí, mi ò rí ẹ̀gbẹ́. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí obìnrin má kí àgbà! Ọ̀rọ̀ dé ilé pé ìwé ti ń gun Àdùkẹ́. Ìyá mi bá mi wí, mo jiyàn, mo ní mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ó dáa, ẹni tí kò rí bàbá Ìdòwú tó ga tó òpó yẹn, kí ló tún fẹ́ rí láyé?" A jọ rẹ́rìn-ín sí i. A ò mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ilé ìwòsàn ìlú wa ni mo kọ́kọ́ lọ. Níbẹ̀, ẹni tó bá tètè dé kì í dúró sórí ìlà, bàtà rẹ̀ ló máa ń tò síbẹ̀, á wá lọ jókòó sábẹ́ òjìji. Mo to tèmi. Nígbà tí wọ́n ní kí ìlà sún síwájú, mo bẹ̀rẹ̀, mo mú bàtà kan, mo gbé e lọ síwájú. Obìnrin kan fò dìde lẹ́yìn mi. "Ẹ bá mi mú un o! Bàtà mi ló ń gbé lọ!" Pupa ni tèmi, dúdú ni tirẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ogunlọ́gọ̀ tó ti dìde. Mo bẹ̀bẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó kàn mí, olùtọ́jú bi mí níṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo ní gàrí ni. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, èéfín ni." Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń fi pa ojú. Èmi náà gbà pé èéfín ni. Ìyá mi gbà, ọkọ mi gbà. Gbogbo ayangàrí tó wà ní àdúgbò wa ló gbà.

Jọ̀ọ́, gbọ́ mi níbí. Bí o bá ń rí òṣùmàrè lára iná, bí o bá ń kọ lu nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí orí ń fọ́ ọ lókè ojú, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ rẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Alágbẹ̀dẹ á ní iná ni, aránṣọ á ní abẹ́rẹ́ ni, àgbẹ̀ á ní oòrùn ni. Lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ojú, kó fi nǹkan wo inú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ìyá rẹ náà lọ, torí ó máa ń bá ìdílé rìn.

Oògùn yẹn kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Ìyá Ofè, tó lọ́kọ sí Ofè tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀, wá sílé wa, ó jókòó, kò fẹ́ jẹ, kò fẹ́ mu. Ó ní ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kán omi ewé sójú, ó ti la ojú ìyá ọkọ òun. Mo ní mi ò lọ. Ó bú sẹ́kún. "Ṣé kí wọ́n sọ pé èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láyé, ìyàwó Akànbí wá fọ́jú?" Ọkọ mi ò lè wo ẹkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo lọ. Omi náà ta mí bí ata, mo fi orí gbá ilẹ̀. Ọkùnrin náà ní bó bá ṣe ń ta ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ofè di orí mi mú, ó ń gbàdúrà, ó sì ń sunkún pẹ̀lú mi. Kì í ṣe èèyàn búburú rárá, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà òjò náà la fi ń lọ tí a ń bọ̀, àìsàn náà kò sì dúró dè wá.

Ìgbà tí mi ò lè rí ìwé kà mọ́ ni mo fárígá. Mo ní bí wọn ò bá gbé mi lọ sí Kútọnu, èmi á wọ ọkọ̀ ojú irin fúnra mi. A ta ewúrẹ́ mi, a lọ. Wọ́n kó wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn, bí ẹnì kan bá wọlé, gbogbo wa á fi ìdí wọ́ síwájú. Dókítà fi nǹkan wo inú ojú mi. Lẹ́yìn náà ló ní omi tó wà nínú ẹyin ojú kò rí ọ̀nà jáde, ó ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú orí, ohun tó bá sì ti tẹ̀ pa, kì í jí mọ́. Ọ̀kan ti lọ tán, èkejì ń lọ. Ó bi ọkọ mi pé, "Bàbá, níbo lẹ wà láti ìgbà yìí?" Akànbí kàn ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú tó kù. Wọ́n fún mi ní oògùn tí mo gbọ́dọ̀ máa kán sí i láìfo ọjọ́ kan, Kútọnu nìkan la sì ti ń rí i rà. Nígbà mìíràn, a rówó, oògùn ti tán. Nígbà mìíràn, oògùn wà, owó ló tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo jókòó ti ààrò, mo ń gbọ́ bí igi ṣe ń jó, ooru ń lù mí lójú, ṣùgbọ́n mi ò rí iná kankan, mo sì bi Tóyìn pé kí ló dé tí kò tíì dáná. Mo na ọwọ́, iná jó mi. Bí mo ṣe mọ̀ pé ojú kejì ti lọ nìyẹn.

Gbogbo èèyàn wá kí mi. Wọ́n ní ẹ kú ìfaradà. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ní bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Mo ní, "Bàbá, èmi ò ríran, ẹ jẹ́ kí n kúkú ráyè sunkún dáadáa." Mo mọ̀ pé mo ṣàìdáa, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. N ó sọ òótọ́ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà: kì í ṣe ojú àwọn ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ sunkún rẹ̀. Ojú wọn wà nínú orí mi, mo mọ̀ ọ́n. Ògiri bàbá onísọ̀ yẹn ni mo sunkún rẹ̀. Mo ní wọ́n á tún kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀, èmi á máa kọjá.

Àwọn obìnrin kíláàsì wa fẹ́ràn mi. Wọ́n ní, "Ìyá Tóyìn, orí yín pé. Ẹ jẹ́ kí a máa ka ẹ̀kọ́ sí yín létí, kí ẹ kọ́ ọ sórí. Bí àwọn ará ìjọba bá wá wò wá, ẹ di ìwé mú, ẹ máa kà á lọ, ta ni yóò mọ̀?" Mo ní èmi máa mọ̀. Mo ní àkọ́sórí kì í ṣe kíkà. Ohun tí mo kọ́ sórí, ẹlòmíràn ló ti kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní agídí mi pọ̀. Agídí mi pọ̀ lóòótọ́.

Mẹ́tìrì lọ sílé ní Pọ́bẹ̀ fún ìsinmi, ó ré kọjá sí Nàìjíríà, níbi tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn afọ́jú níwèé. Ó kó bébà líle dé, tí kókó wínníwínní kún ara rẹ̀, pẹ̀lú pátákó oníhò kan àti abẹ́rẹ́ onígi tí wọ́n fi ń lu kókó náà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ kó tó padà. Ìyá mi fọwọ́ pa bébà náà, ó yára ká ọwọ́ kò. "Ẹ gbà mí! Ṣé ìgbóná mú ìwé yìí ni?" Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní ìwé oníkókó.

Ṣùgbọ́n mi ò lè kà á. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi yan gàrí láti kékeré. Òun ló ń di àkúfọ́ igbá mú, òun ló ń bu gàrí gbígbóná wò bóyá ó ti jinná. Orí ìka rẹ̀ ti yi. Mo ń fi í wọ́ lórí bébà, gbogbo kókó náà ń di ohun kan ṣoṣo. Mẹ́tìrì á ní, "Kókó mélòó nìyí?" Mo máa ń ní mẹ́ta. Á ní ọ̀kan ni. Mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, mo fi òrí pa á, mo fi òkúta ìfọsẹ̀ ha á títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ jáde yẹn, mo ju bébà náà sílẹ̀. Mo ní iṣẹ́ tó bọ́ mi ló gba ojú mi, òun náà ló gba ọwọ́ mi. Mẹ́tìrì ṣa bébà rẹ̀ nílẹ̀, kò bínú. Ó ní òun máa wá lọ́la.

Lọ́la náà, òrí kún ọwọ́ ọ̀tún mi nígbà tó dé. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí òrí kan bébà mi o, kókó rẹ̀ á rọ̀." Mo bá fi ọwọ́ òsì sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo dúró. Mo ní, "Mẹ́tìrì, ọ̀kan nìyí. Méjì nìyí, wọ́n dúró léra wọn." Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Gbogbo kókó náà dá dúró lábẹ́ ìka mi bí ọmọ ọkà. Mẹ́tìrì kígbe débi tí àwọn ará ilé fi sáré jáde.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìtàn ọwọ́ òsì yìí fún ọ. Òun ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan nígbà tí wọ́n bí mi. O mọ ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní ọwọ́ òsì. A kì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi í fún èèyàn lóúnjẹ. Bí mo bá ti nà án, ìyá mi á pariwo, "Ọwọ́ òsì!" Nígbà tí mi ò gbọ́, ó ya aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi de ọwọ́ náà mọ́ mi lára láti àárọ̀ dalẹ́. Mo máa ń lọ sẹ́yìn àká, màá fi eyín tú aṣọ náà, màá fi ọwọ́ òsì mi ya oríṣiríṣi nǹkan sórí yanrìn. Kí ìyá mi tó ti oko dé, mo ti fi eyín dì í padà. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún gba iṣẹ́, wọ́n tú òsì sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò ṣe iṣẹ́ agbára kan títí tí mo fi fọ́jú. Ìdí nìyẹn tí awọ rẹ̀ fi rọ̀.

Mo ń kàwé! Díẹ̀díẹ̀ ni o, mo ń ṣìnà, mo ń padà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ gbé Mẹ́tìrì lọ sí Nàtítíngù lókè àríwá. Ọ̀gá díṣítíríìkì, ọmọ ogun kan, á wá wo kíláàsì wa kí Mẹ́tìrì tó lọ, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n á tì í. Mẹ́tìrì ní òun ti sọ fún un pé Ìyá Tóyìn lóun máa fà á lé lọ́wọ́. Ó ní kí n ṣáà kàwé níwájú ìlú lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Bàbá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ìyá mi bá mi lọ. Bàbá Àgbà ní, "Mo gbọ́ pé ọwọ́ òsì lo fẹ́ nà síwé níwájú gbogbo àgbà Ṣábẹ̀ẹ́ àti àlejò ìjọba. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣé ilé bàbá tìrẹ lo wá fẹ́ fi júwe?" Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́." Ó ní kí n má pa òwe fún òun, kí n fi ọ̀tún kà á. Mo ní ọ̀tún kò gbọ́ ohun tí ìwé ń sọ. Ó ní kí n má wulẹ̀ kà á, nígbà náà. Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pin sí. Ìyá mi ló kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí a bá fi aṣọ bo ọwọ́ náà ńkọ́? Á máa kà á lábẹ́ aṣọ, kò sẹ́ni tó máa rí i." Bàbá Àgbà ronú, ó ní ìyẹn dáa. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, mo sọ fún ìyá mi pé, "Ẹ tún ti rí aṣọ tí ẹ máa fi dè é."

Ọjọ́ náà pé. Èrò kún abẹ́ máńgòrò, mo ń gbọ́ bí bẹ́ǹṣì ṣe ń ké. Ọ̀gá díṣítíríìkì sọ̀rọ̀ ìyípadà, èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi kàwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá fà mí síwájú, ìyá mi fi ìborùn bo ọwọ́ òsì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ tí Mẹ́tìrì ti lù sórí bébà. Mi ò tíì kà á débì kan tí ọ̀gá náà fi dá mi dúró. Mẹ́tìrì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú: ó ní òun ò rí ìka tó ń kàwé, aṣọ lòun ń wò, ó ní mo ti kọ́ ọ sórí ni. Ohun tí mo kọ̀ láti ṣe gan-an ló kà sí mi lọ́rùn! Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ sọ fún un, kó dán mi wò."

Ó ní kí wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó ní kí ẹnì kan nínú èrò sọ ohun tó wù ú sí Mẹ́tìrì létí, kí Mẹ́tìrì lù ú, kí n wá kà á. Mo dúró lẹ́yìn ògiri, oòrùn ń pa mí, mo ń gbọ́ abẹ́rẹ́ onígi, tó, tó, tó. Wọ́n mú mi padà. Wọ́n fi aṣọ bo ọwọ́ mi. Mo wá ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, mo rí i. Mo ní, "Ó… ó máa…" Aṣọ náà wọ́ mọ́ ìka mi, ìlà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tún wọ́. Òógùn ń ṣàn lára mi, bébà fẹ́ rọ̀. Ohùn kan lẹ́yìn ní, "Kò lè kà á." Ẹlòmíràn ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó, kò tó ìtìjú?" Mo gbọ́ tí ọ̀gá díṣítíríìkì fọwọ́ lu tábìlì, mo sì mọ̀ pé kíláàsì ti lọ.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá mi. Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láàrin ọjà. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì fa aṣọ náà kúrò. Bàbá Àgbà ní, "Ìyàwó wa! Kí lo ń ṣe yẹn?" Ìyá mi kò wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo dè é nígbà kan. Èmi náà ni mo tú u." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ gbé ọwọ́ òsì mi lé bébà, níwájú gbogbo wọn. Ó ní, "Kà á."

Mo kà á. "Ó máa ń lọ sẹ́yìn àká." Mo dúró. Mo fi ìka wá ìyókù. "Á fi eyín tú aṣọ tí mo fi de ọwọ́ rẹ̀. Á ya nǹkan sórí yanrìn. Mo máa ń rí i. Mi ò sọ̀rọ̀, torí ohun tó ń yà dára."

Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Láti ọmọdé títí mo fi bímọ, mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀! Ìyá mi ló sọ ọ́ sí Mẹ́tìrì létí, ẹnu rẹ̀ kò sì sọ ọ́ fún mi rí. Mo bá a lórí bébà, bí mo ṣe bá ti bàbá onísọ̀ lára ògiri, mo sì bú sẹ́kún níwájú ìjọba. Mẹ́tìrì ń túmọ̀ fún ọ̀gá náà. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà dìde. Ó ní kí wọ́n má ti kíláàsì náà. Ariwo sọ. Bàbá Àgbà wúkọ́, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n má fi ọwọ́ náà fún òun lómi mu. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe wà nìyí. Ojú mi kò là, kò sì ní í là. Mo mọ ìgbà tí oòrùn ń yọ, torí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì ń wọlé, ìyẹn ló kù. Orí kì í fọ́ mi mọ́. Àbúrò mi obìnrin ti lọ yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n bá àìsàn yìí níbẹ̀, wọ́n tètè bá a, ó ń kán oògùn, ó ń ríran. Ìyá Ofè ló ń tẹ̀ lé e lọ sí Kútọnu. Mo ń kọ́ àwọn obìnrin lábẹ́ máńgòrò. Ọwọ́ ọ̀tún mi kò gbàgbé lẹ́tà, òun ni mo fi ń mú ẹfun kọ̀wé sórí pátákó fún wọn, òsì ló ń kà fún mi. Nígbà mìíràn ìlà mi á wọ́, wọ́n á ní, "Ìyá Tóyìn, ẹ ti kọ ọ́ jáde sórí igi." Ojú kì í tì mí. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, jẹ́ kó bà ọ́, ṣùgbọ́n wá ìwé oníkókó lọ, má dúró dìgbà tí wọ́n á ní o ti ṣe tán.

Mo ṣì ń yan gàrí díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Ìyá mi ti darúgbó, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, etí rẹ̀ kò gbọ́ tó tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ríran dáadáa. Bí mo bá gbàgbé, tí ọwọ́ kejì bá na díẹ̀ báyìí sí ẹ̀bá agbada, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́ igbe rẹ̀, bí ìgbà tí mo wà ní kékeré:

"Ọwọ́ òsì! Àdùkẹ́, ọwọ́ òsì! Má jẹ́ kó jóná o!"